Òrùka tí ó ń Pín Bakitéríà sí Méjì: Ohun tí Ìrísí Purotéènì FtsZ Kọ́ Wa

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ́ jẹ kí ó má ràá lọ́wọ́. Bí ahọ́n mi bá kọsẹ̀ níbi tí mo ti ń fi èdè wa ṣàlàyé ohun tí ojú lásán kò lè rí, ẹ fi ojú fò ó.

Bakitéríà kan ń bẹ tí ó ń gbé inú ìfun wa, Escherichia coli ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bí ọ̀nà méjì péré nínú rẹ̀ ni gígùn bakitéríà yìí. Síbẹ̀, bí oúnjẹ àti ooru bá bá a lára mu, láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ọ̀kan ti di méjì, ó sì máa ń pín sí méjì lọ́gbọọgba. Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín nìyí: ta ni ó mú ọ̀bẹ dání?

Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kò bá wá ni a ń mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn olùwádìí rí irú E. coli kan tí ó ní àbùkù. Ní ìwọ̀n ooru 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ń pín dáradára; ní ìwọ̀n 42, ó ń dàgbà, ṣùgbọ́n kò lè pín mọ́, ó kàn ń gùn lọ gbọọrọ bí òwú ni. Láti ara irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ni a ti rí orúkọ fts. Ní ọdún 1980, Joe Lutkenhaus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya jíìnì ftsZ sọ́tọ̀ láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní 1991, òun àti Erfei Bi fi hàn pé purotéènì tí jíìnì náà ń ṣe a máa péjọ sí agbedeméjì sẹ́ẹ̀lì, a sì di òrùka tí ń sún kì bí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín. Nígbà tí ó di 1992, ó ti hàn gbangba pé FtsZ a máa di èròjà tí a ń pè ní GTP mú, a sì máa fọ́ ọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ènìyàn. Nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa, purotéènì mìíràn wà tí ń jẹ́ túbúlìn. Òun ni ó ń to ara rẹ̀ di ọ̀pá oníhò, tí ó ń fa ẹrù àjogúnbá sọ́tùn-ún sósì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín. Túbúlìn náà ń di GTP mú. Ṣé ìbátan ni àwọn méjèèjì ni? Bí a bá to ásíìdì amínò wọn síra gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà inú ìwé, díẹ̀ ni ó bára mu. Ẹ̀rí náà kò tó láti fi dájọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1998 ni ìdájọ́ dé. Jan Löwe àti Linda Amos, ní ilé ìwádìí ìmọ̀ ẹ̀dá ti MRC ní ìlú Cambridge, tẹ ìrísí kírísítálì FtsZ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń jẹ, kírísítálì ni wọ́n: àwọn ègé kéékèèké inú wọn tò bí ọmọ ogun lórí ìlà. Bí a bá lè mú purotéènì tò bẹ́ẹ̀, tí a sì ta ìtànṣán x-ray lù ú, ìtànṣán náà yóò fọ́n ká, yóò sì fi àmì tótòtó sílẹ̀. Láti inú àmì wọ̀nyí ni a ti ń ṣírò ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun ìyanu kan fún yín: purotéènì tí wọ́n lò kò ti ara bakitéríà wá rárá. Methanococcus jannaschii ni wọ́n ti mú un, ẹ̀dá àìfojúrí láti ìdí omi gbígbóná nísàlẹ̀ Òkun Pàsífíìkì, tí ó fẹ́ràn ooru ìwọ̀n 85. Ẹ̀ka ìran mìíràn ni, ṣùgbọ́n ó ní FtsZ tirẹ̀.

Kí ni wọ́n rí? Purotéènì náà ní apá méjì, ọ̀pá gígùn kan tí ó lọ́ bí okùn sì wà láàárín wọn. Nínú ìwé ìròyìn kan náà, Eva Nogales, Sharon Wolf àti Kenneth Downing láti Berkeley gbé ìrísí túbúlìn jáde. Nígbà tí a fi èkínní wé èkejì, ojú kan náà ni! Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Ó dà bí ilé baba ńlá tí a ti pààrọ̀ bíríkì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ògiri, yàrá àti ọ̀ọ̀dẹ̀ sì wà bí wọ́n ti wà. Lẹ́tà ti gbàgbé ìbátan. Ìrísí kò gbàgbé.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni èrè rẹ̀ fún aláìsàn? Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí kéde èròjà kan, PC190723, tí ń dá FtsZ inú Staphylococcus aureus dúró, títí kan irú èyí tí oògùn methicillin kò ràn mọ́. Ó gba ẹ̀mí èkúté tí àrùn náà ìbá pa. Ihò tí èròjà náà ń wọ̀ wà láàárín ọ̀pá gígùn yẹn àti apá kejì, ibi tí ó bá ibùdó oògùn jẹjẹrẹ taxol lára túbúlìn mu. Ẹ wá wo bí ewu ti sún mọ́ ìwòsàn tó! Ọdẹ tí ajá rẹ̀ jọ ẹran tí ó ń lé gbọ́dọ̀ mọ àmì tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ó tó yìnbọn. Ìrísí kírísítálì ni ó ń fi àmì náà hàn wá. Síbẹ̀, kí a má ṣe yọ̀ jù: bakitéríà lè pààrọ̀ ásíìdì amínò kan ṣoṣo nínú FtsZ, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ èròjà náà.

Àwòrán a máa fi ojú ènìyàn hàn, kì í fi ìrìn rẹ̀ hàn. Ní 2017, ìwádìí méjì fi hàn pé òrùka náà kò dúró lójú kan. Okùn FtsZ ń gùn níwájú, ó ń tú lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yí ká agbedeméjì sẹ́ẹ̀lì, tí ó sì ń darí àwọn purotéènì tí ń mọ ògiri. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tún ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ṣe. Kò sí ẹni tí ó mú ọ̀bẹ dání. Ògiri ni a ń mọ láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, títí yàrá kan yóò fi di méjì; FtsZ sì ni aṣíwájú àwọn ọ̀mọlé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ bakitéríà tí ó gùn bí òwú kò wá oògùn. Wọ́n kàn fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ni. Ogójì ọdún ó lé kí ìbéèrè wọn tó kan ọ̀ràn aláìsàn. Bí a bá ń bi olùwádìí léèrè èrè kí a tó gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, a óò pàdánù méjèèjì.