Ìmọ́lẹ̀ ní Oríta: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ níbi Ìpàdé Ẹgbẹ́

Ọmọ yín ni mí, mi ò ní pẹ́.

Ẹ ó rántí oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun gé lẹ́bàá Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri. Gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú wáyà yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ wa gba inú ẹ̀. Charles Kao ló sọ lọ́dún 1966 pé tí wọ́n bá yọ ìdọ̀tí inú gíláàsì kúrò, ìmọ́lẹ̀ á rìn jìnnà. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2009.

Ní báyìí, a fẹ́ dáwó fa irú wáyà yìí wọ ìlú. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wáyà kan ló máa wọlé, ilé 32 ló máa pín in. Nǹkan kékeré tí wọ́n ń pè ní splitter ló ń pín in: ọ̀nà kan á yà sí méjì, méjì á di mẹ́rin, títí á fi di 32. Oríta márùn-ún nìyẹn.

Tí ògiri ọ̀nà yẹn bá rí págunpàgun, ìmọ́lẹ̀ á máa jò síta. Tí ṣóńṣó oríta ò bá mú, apá kan á ṣòfò níbẹ̀. Tí ẹ̀ka kan bá fẹ̀ ju ìkejì lọ, ìpín ò ní dọ́gba: ilé Lágbájá á máa wo fídíò, ti Tàmẹ̀dò á máa yí bìrí. Àbùkù ọ̀hún lè má tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, àmọ́ díẹ̀ díẹ̀ ló ń pọ̀. Tí oríta kọ̀ọ̀kan bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣòfò, lẹ́yìn oríta márùn-ún, nǹkan bíi 59 nínú 100 ló kù fún gbogbo wa.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká ra èyí tó pọ́ọ́kú jù. Kí oníṣẹ́ wọn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lójú wa, kó kọ ọ́ sílẹ̀, ká tó sanwó. Fún ilé 32, bó ti wù kó dára tó, á pàdánù 15 dB. Tí tiwọn bá wọ 20, ẹ jẹ́ ká dá a padà.

Owó iṣu àti gààrí la fẹ́ ná yìí. Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò sí oríta. Ìlú wa á dára o.