ÒKÌTÌ KORUCUTEPE TÍ OMI BÒ MỌ́LẸ̀

Orúkọ àwọn ará Hítì kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Ùráyà nínú Bíbélì. Ìlú kan tí ó ti wà lábẹ́ àwọn ọba Hítì rí, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí àlapà yóò mọ bí òkìtì yìí ti ṣe di òkìtì. Ilé alámọ̀ wó, a tẹ́ àwókù rẹ̀ pẹrẹsẹ, a kọ́ òmíràn lé e. Èyí náà wó, a tún kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Korucutepe, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Altınova, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Isuwa ni orúkọ ìjọba àgbègbè náà. Suppiluliuma, ọba Hítì, ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá ṣáájú ìbí Kristi, ọba Isuwa sì di ẹni tí ń sin ọba Hattusa.

Nígbà tí a ń sé odò Yúfírétì ní Keban nítorí iná mànàmáná, Yunifásítì kan ní Ankara ké sí àwọn ọ̀mọ̀wé kí wọ́n wá wa ilẹ̀ náà kí omi tó dé. Maurits van Loon ni ó ṣáájú àwọn tí ó wa Korucutepe láti 1968 di 1970.

Nínú ohun tí wọ́n rí, ègé amọ̀ ni ó jọ mí lójú jù lọ. Bí àwọn ará ìgbà náà bá di ẹrù, wọn a lẹ amọ̀ tútù mọ́ ibi tí wọ́n ti ta kókó okùn, wọn a sì tẹ èdìdì sí i, kí a lè mọ̀ bí olè bá tú u. Lára irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti ka orúkọ Ari-Sharruma, ọba Isuwa, àti ti Kilushepa, ayaba. Ẹ wò ó: ohun tí ìránṣẹ́ ààfin lè gbá dànù ní ọjọ́ tí a tú ẹrù ni ó pa orúkọ ọba mọ́!

Èmi kò dá àwọn ará Tọ́kì lẹ́bi. Ta ni kò fẹ́ iná? Ṣùgbọ́n apá kan òkìtì náà ni ọwọ́ àwọn awalẹ̀ ká. Ti àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ dùn mí ju ti òkìtì lọ, nítorí ààyè ènìyàn ni wọ́n, wọ́n sì fi ilé àti oko bàbá wọn sílẹ̀ fún omi.

Ní 1974 iṣẹ́ ìsédò náà parí. Adágún tí ó bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà fẹ̀ tó kìlómítà 675 níbùú lóròó. Púpọ̀ nínú ohun tí a hú jáde ní àgbègbè Keban wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní ìlú Elazığ.