Ẹrù Àlọ, Ẹrù Àbọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù kéékèèké sọ ní kíláàsì àwọn àgbà

  

Ọlọ́kọ̀ ẹrù ni àwa tí a wá bá yín sọ̀rọ̀. A kì í ṣe àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá tí ó ní ogún ọkọ̀ nínú ọgbà. Ẹlòmíràn nínú wa ní ọkọ̀ kan, ẹlòmíràn ní méjì. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ wọn fúnra wọn, àwọn kan gba dírẹ́bà sí i. Láàárín yín náà, a rí dírẹ́bà, a rí ìyàwó ọlọ́kọ̀, a sì rí àwọn ọlọ́jà tí ń háyà ọkọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbogbo.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Òun nìyí: owó ọkọ̀ kì í ṣe èrè. Ohun tí ó bá kù lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ, tí ó sì ti bọ̀, òun nìkan ni èrè. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, kí ọkọ̀ rẹ̀ sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láì rí owó ra òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò

Ẹ ṣí ìwé yín. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ kan tí ó ń gbé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ṣe àpẹẹrẹ. Ìbàdàn ni ọkọ̀ náà wà. Ọlọ́jà kan dé, ó ní kí ó bá òun gbé ẹrù lọ sí Kano, òun yóò san N1,000,000. Òmíràn dé, ó ní kí ó bá òun gbé ẹrù lọ sí Èkó, òun yóò san N250,000. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye owó yìí o. Owó dísẹ́ẹ̀lì kì í dúró lójú kan. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi iye ti ọjọ́ náà rọ́pò wọn.

Èwo ni ẹ óò mú? A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti mú Kano lọ́kàn. Ta ni yóò rí mílíọ̀nù kan tí yóò gbójú kúrò? Ẹ dúró ná. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Kano lé ní kìlómítà 800, ọkọ̀ yóò sì tún padà wálé. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

Dísẹ́ẹ̀lì àlọ: N400,000
Dísẹ́ẹ̀lì àbọ̀, ọkọ̀ òfìfo: N300,000
Owó ojú ọ̀nà àti owó garéèjì: N80,000
Dírẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀: N120,000
Alágbàtà tí ó bá wa wá ẹrù: N100,000
Owó táyà, ọ́ìlì àti àtúnṣe tí a yà sọ́tọ̀: N120,000
Àpapọ̀: N1,120,000

Ẹ ò rí i? Mílíọ̀nù kan ni a gbà. Ohun tí a ná ju mílíọ̀nù kan lọ. A ti fi N120,000 ṣe òfò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń kí wa pé a ti Kano dé, a kú orí ire.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yìí bá rí ẹrù àbọ̀ ní Kano ńkọ́? Ká ní ó gbé ẹ̀wà bọ̀ wá sí Bódìjà ní N700,000. A óò yọ owó alágbàtà N70,000. Ọkọ̀ tí ó kún yóò jẹ dísẹ́ẹ̀lì N80,000 sí i, owó ojú ọ̀nà yóò sì fi N50,000 lé. N500,000 ni yóò kù nínú owó àbọ̀. Ẹ yọ òfò N120,000 kúrò nínú rẹ̀, yóò ku N380,000. Ẹrù àbọ̀ ni ó sọ òfò di èrè.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wo ti Èkó. Dísẹ́ẹ̀lì àlọ àti àbọ̀ jẹ́ N120,000. Owó ojú ọ̀nà jẹ́ N25,000. Ti dírẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀ jẹ́ N30,000. Alágbàtà gba N25,000. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún táyà, ọ́ìlì àti àtúnṣe jẹ́ N30,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N230,000. N20,000 péré ni ó kù. Bí a bá rí ìrẹsì tàbí páànù gbé bọ̀ láti Èkó ní N120,000, tí a sì yọ N30,000 tí ó bá a rìn, N90,000 wọlé. Èrè wa di N110,000.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí N380,000 ti Kano ṣì ju N110,000 lọ." Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ ka ọjọ́. Kíkó ẹrù, ìrìn, jíjá ẹrù àti ìpadàbọ̀ láti Kano lè gba ọjọ́ mẹ́jọ. Ti Èkó lè gba ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ mẹ́jọ kan náà, bí a bá lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mẹrin, N440,000 ni. Bí ẹrù kò bá yá, tí a lọ lẹ́ẹ̀mẹta péré, N330,000 ni. A kò sọ pé kí ẹ má lọ sí Kano o. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ pín èrè sí iye ọjọ́ kí ẹ tó dáhùn. Ọjọ́ pẹ̀lú jẹ́ owó.

Ibi tí ẹrù wà, àti ìgbà tí ó wà níbẹ̀

Ọgbọ́n ẹrù àlọ àti ẹrù àbọ̀ kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kano ní ọdún 1912, obì gbàǹja bá a lọ sí Òkè Ọya. Ẹ̀pà àti màlúù sì bá a bọ̀ wá sí Èkó. Ọkọ̀ ojú irin kò fẹ́ rìn lófìfo. Kí ló dé tí lọ́rì tiwa yóò fi máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹrù ní àkókò tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oko ti ní àkókò. Láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kòkó máa ń pọ̀ ní Òǹdó, Ìdànrè, Ilé-Olújì àti agbègbè Iléṣà, ó sì ń wá ọ̀nà Èkó. Bí òjò bá ti ń parí lọ, iṣu máa ń pọ̀ ní Òkè Ògùn àti ní ilẹ̀ Tiv ní Benue. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tòmátì Kano àti àlùbọ́sà Sokoto àti Kebbi máa ń rọ́ wá sí Máìlì 12 ní Èkó. Ọjà Dawanau ní Kano ni ibùdó ẹ̀wà, jéró àti ọkà bàbà. Sìmẹ́ǹtì kò ní ìgbà. Ní gbogbo ọdún ni ó ń jáde láti Ewékorò àti Ìbeṣè.

Ẹ kọ àkókò wọ̀nyí sínú ìwé yín. Ẹni tí ó bá dé Òǹdó nígbà tí kòkó pọ̀, ọlọ́jà ni yóò máa wá a. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ nígbà tí kòkó ti tán, òun ni yóò máa bẹ ọlọ́jà.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹrù kò rí bákan náà. Sìmẹ́ǹtì wúwo, ṣùgbọ́n kì í tètè bàjẹ́ bí tapólì bá dára. Tòmátì a máa san owó tó jọjú, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà ní ọjọ́ kan péré, omi tòmátì ni ẹ óò gbé dé ọjà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kọ́fẹ, kó fi ẹrù jíjẹrà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ wá ẹrù àbọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé dírẹ́bà á já ẹrù tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹrù àbọ̀. Ebi ń pa á, ilé ń fà á, kò ní ibi tí yóò sùn. Alágbàtà tí ó bá rí i mọ̀ pé iye kíye ni yóò gbà.

Ojú alákàn ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ ti ilé pe ìlú tí ẹ ń lọ. Fóònù ti sọ èyí di ìrọ̀rùn. Ẹ ní orúkọ alágbàtà méjì tàbí mẹ́ta ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ sì bi ọlọ́jà tí ó ni ẹrù àlọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ẹni tí ń kó ẹrù bọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa?" Ọlọ́jà mọ ọlọ́jà.

Ohun kejì ni ìrẹ́pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọlọ́kọ̀ kéékèèké mẹ́fà tí wọ́n ń pe ara wọn lágogo lè gba iṣẹ́ tí ó ju agbára ẹnì kan lọ. Ilé ìkẹ́rù tí ó bá fẹ́ ọkọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan kò ní ka ọkọ̀ kan ṣoṣo sí. Ṣùgbọ́n bí mẹ́fà bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọn yóò rí iṣẹ́ náà gbà, láì sí pé alágbàtà mẹ́ta jẹ nínú rẹ̀.

A kò bú alágbàtà o. Alágbàtà rere ń ṣiṣẹ́. Ó mọ ẹni tí ń san owó, ó sì mọ gbèsè olúkúlùkù. Kí ẹ kàn bi í ní iye tí ọlọ́jà san gan-an, àti iye tí òun yóò mú níbẹ̀. Bí ó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ìdúró ń jẹ owó

Ọ̀kan nínú wa gbé ẹrù lọ sí ilé ìkẹ́rù kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi dúró lẹ́nu géètì kí wọ́n tó já a. Kò sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀ fún ìdúró náà. Ọmọ ọkọ̀ ń jẹun, dírẹ́bà ń jẹun, ọkọ̀ kò sì pa owó kankan. Láti ìgbà náà, gbogbo wa máa ń bèèrè kí a tó gba ẹrù pé: ọjọ́ wo ni wọn yóò já a? Ta ni yóò san owó bí ó bá kọjá ọjọ́ náà?

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹrù ní èbúté Àpápá tàbí Tin Can, kó má kàn gbéra lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni Nigerian Ports Authority bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi ń pe ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Ètò. Kí ọkọ̀ tó wọ ibẹ̀, ẹ rí i pé ìwé ìpè rẹ̀ pé, kí ẹ sì ka ọjọ́ ìdúró mọ́ owó tí ẹ óò bèèrè.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Nísinsìnyí, ìdí tí a fi wá sí kíláàsì yìí. Ìwé mímọ̀ yín kì í ṣe fún lẹ́tà nìkan. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, kí ẹ̀yin àti ẹlẹ́rù sì fọwọ́ sí i: orúkọ ẹlẹ́rù àti ti ẹni tí yóò gba ẹrù; irú ẹrù àti iye àpò; owó ọkọ̀; iye tí a san sílẹ̀; iye tí ó kù àti ibi tí a óò ti san án; ọjọ́ tí a óò já ẹrù. Ẹ ka àpò fúnra yín. Bí a bá kọ 200 àpò sínú ìwé, tí 196 sì wọ ọkọ̀, ẹ̀yin ni yóò san mẹ́rin yòókù.

Ẹ wo inú ẹrù pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá ń fún yín ní owó ìlọ́po méjì láti gbé ẹrù kékeré lóru, ẹ bi í léèrè ìdí. Bí ó bá jẹ́ ẹrù fàyàwọ́, Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gba ọkọ̀ mọ́ ẹrù. Ẹlẹ́rù á sá lọ. Ọkọ̀ tí ẹ fi ọdún mẹ́wàá kó owó rẹ̀ jọ á wà lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti iye ọjọ́ tí ó gbà. Ojú ìwé kan fún ìrìn àjò kan. Bí ó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ óò rí ọ̀nà tí ń bọ́ yín, ẹ óò sì rí èyí tí ń jẹ yín lẹ́sẹ̀. Nígbà náà, ẹnu yín yóò lè sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣòro fún ọlọ́kọ̀ kékeré láti sọ: "Rárá o, ẹ ṣeun, ẹrù yìí kò pé wa."

Ẹni tí ó bá mọ iye tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ná kò ní bẹ̀rù láti sọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa gba gbogbo ẹrù, yóò sì máa rò pé ayé ni ó ń bá òun jà.

 Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ yín, kó máa ṣọ́ àbọ̀ yín.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín owó ọkọ̀ àti èrè?
2. Kí ló dé tí ìrìn àjò Kano inú àpẹẹrẹ wa fi jẹ́ òfò nígbà tí kò sí ẹrù àbọ̀?
3. Ẹrù wo ni ó pọ̀ ní àdúgbò yín, oṣù wo ni ó sì ń pọ̀?
4. Ẹ fi iye owó ti òní ṣe ìṣirò ìrìn àjò kan láti ìlú yín lọ sí Èkó, àti bíbọ̀.