Ìràwọ̀ Tí Eruku Bò Mọ́lẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)



Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé èṣí ni ẹ fún àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì láàyè láti sọ̀rọ̀ nípa ìbí àwọn ìràwọ̀, bí ó ti ń pọ̀ tàbí tí ó ń dín láti ìgbà tí ayé òun ọ̀run ti wà. Inú àwòrán tí awò awọ̀nàjíjìn Hubble yà ni a ti fa gbogbo ọ̀rọ̀ wa yọ. Nígbà tí a parí, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa dìde, ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, a gbọ́ iye èyí tí ẹ rí. Èyí tí ẹ kò rí ńkọ́?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, a sì dá Bàbá lóhùn pé èyí tí a kò rí kò lè tó nǹkan. Láti ọjọ́ náà ni ìdáhùn yẹn kò ti jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. A padà sídìí ìwé, a sì rí i pé Bàbá ni ó gba ọ̀rọ̀. Ohun tí a fojú fò tó ìdajì gbogbo rẹ̀, ó tilẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí a fi tọrọ àyè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí á lè tún ìṣirò náà ṣe lójú àwọn tí ó gbọ́ àṣìṣe wa.

Fún àǹfààní àwọn tí kò sí níbí lọ́dún náà, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ ní ṣókí. Oòrùn tí ń ràn lé wa lórí, ìràwọ̀ ni. Òun àti ìràwọ̀ mìíràn tí ó lé ní bílíọ̀nù 100 ni ó kóra jọ bí ilé ti ń kóra jọ di ìlú, irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ a máa rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá tí ó sún mọ́ tiwa jù, èyí tí à ń pè ní Andromeda, jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń lo nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 ọdún lọ́nà. Àwọn àgbà tí ó ti gbé Ìlú Ọba nígbà tí lẹ́tà ń gba ọkọ̀ ojú omi mọ̀ pé ìròyìn inú lẹ́tà, ti ọjọ́ tí a kọ ọ́ ni, kì í ṣe ti ọjọ́ tí a kà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó bá wo ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀run ń wo ìgbà àtijọ́. Àgbáálá ayé yìí ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún, lẹ́tà tí ó pẹ́ lọ́nà jù ni ó sì lè sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún wa.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kọ ojú Hubble sí ibì kan ní ọ̀run tí ó dàbí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ibẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì tí a bá gbé jìnnà sí wa ní 100 mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bò ó tán. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ó fi tẹjú mọ́ ọn, nǹkan bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ 3,000 ni a sì bá nínú àwòrán náà. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, Piero Madau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe ìṣirò ìbí ìràwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó jọ aró ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn, nítorí pé àwọn ìràwọ̀ ńláńlá tí ó ń tàn bí aró kì í pẹ́ láyé. Ibi tí a bá ti rí wọn, kò pẹ́ tí a bí wọn. Bí a bá rí ìlédìí lórí okùn, a mọ̀ pé ìkókó ń bẹ nínú ilé. Kí á má purọ́ mọ́ wọn, àwọn tí ó ṣe ìṣirò náà sọ ọ́ pé iye náà lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí a kà á ni a sáré kọjá níbẹ̀.

Ohun tí ó mú un jù bẹ́ẹ̀ lọ ni eruku. Kì í ṣe irú èyí tí à ń fi ìgbálẹ̀ gbá. Ó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sún mọ́ èéfín; ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì jẹ mọ́ ti èédú àti ti yanrìn. Inú àwọn ìràwọ̀ tí ó ti darúgbó àti àwọn tí ó bú gbàmù ni ó ti ń jáde. Inú ìkùukùu gáàsì àti eruku yìí náà ni ìràwọ̀ tuntun ti ń bí, èyí ni kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn, nítorí pé ibi tí ọmọ bá ti ń bí jù ni aṣọ ìkélé ti ń nípọn jù.

Gbogbo wa ni a mọ iṣẹ́ ọyẹ́. Nínú oṣù tí a wà yìí, oòrùn a máa yọ lówùúrọ̀ bí awo pupa, tí a fi lè tẹjú mọ́ ọn. Eruku ti gba ìmọ́lẹ̀ tí ó jọ aró lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí pupa kọjá. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí eruku bá gbà kò ṣègbé. Ẹ ronú sí ilé ìdáná àtijọ́ tí a fi amọ̀ mọ. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ lóru, ẹ kò ní rí iná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ẹ ó mọ̀ pé ẹnìkan ń dáná nínú. Ògiri gba ìmọ́lẹ̀, ó sì ń dá a padà ní ooru. Bẹ́ẹ̀ ni eruku ojú ọ̀run ń ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ń jó ènìyàn o: ó tutù ju yìnyín lọ ní ìwọ̀n tí ó lé ní 200 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì. Ìmọ́lẹ̀ a máa rìn ní ìgbì bí omi. Ìgbì ti aró kúrú, ti pupa gùn jù ú lọ, ti ooru tún gùn ju ti pupa lọ. Ìgbì ti eruku tútù yìí gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ojú ènìyàn tí ó lè rí i.

Ní ọdún 1983 ni Amẹ́ríkà, Nẹ́dálándì àti Ìlú Ọba jùmọ̀ fi sátẹ́láìtì IRAS ránṣẹ́ sókè láti lọ fọwọ́ kan ògiri náà. Ó bá àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan bí Arp 220, tí ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ tí ń jáde ní ooru. Àwọn wọ̀nyẹn kò jìnnà púpọ̀. Ní ọdún 1996, Jean-Loup Puget àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i nínú iṣẹ́ sátẹ́láìtì mìíràn, COBE, pé ooru fẹ́ẹ́rẹ́ kan kún gbogbo ojú ọ̀run. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n dáadáa, ó tó gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti ara ìràwọ̀ wá láìgba inú eruku. Ẹ wo ọlọ́jà tí ó ka owó inú àpótí rẹ̀ lálẹ́, tí ó bá a pé ó jẹ́ ìlọ́po méjì ọjà tí ó kọ sílẹ̀ pé òun tà. Ọjà kan ti jáde nínú ìsọ̀ tí kò sí nínú ìwé.

Orí òkè Mauna Kea ní Hawaii, tí ó ga ju 4,000 mítà lọ, ni a ti wá ọjà náà rí. Òkè gíga gbígbẹ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa gbé ìtànṣán náà mì. Ilẹ̀ tiwa tí òjò ń pa kò lè gbà á. Awò James Clerk Maxwell wà níbẹ̀, agbada rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 15, a sì so ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní SCUBA mọ́ ọn. Ní ọdún 1998, David Hughes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ojú rẹ̀ sí ibi kékeré kan náà tí Hubble ti wò, fún nǹkan bí wákàtí 50. Ohun márùn-ún péré ni wọ́n rí níbi tí Hubble ti rí 3,000. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tí ń bí nínú márùn-ún yẹn pọ̀ tó láti ba ìṣirò àtijọ́ jẹ́.

Ẹnìkan lè béèrè bí ohun tí ó jìnnà bẹ́ẹ̀ ṣe hàn sí ẹ̀rọ náà. Fìtílà tí a bá gbé jìnnà, bàìbàì ni yóò máa rí. Ṣùgbọ́n àgbáálá ayé ń fẹ̀, ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ń kọjá nínú rẹ̀ a sì máa nà bí rọ́bà. Ìgbì tí ó lágbára jù lára ooru eruku kúrú nígbà tí ó gbéra. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá ti jìn tó ni ó ń nà tó, títí yóò fi bọ́ sí ìwọ̀n tí SCUBA lè gbà. Ohun tí ọ̀nà jíjìn gbà lọ́wọ́ ọ̀tún, nínà dá a padà lọ́wọ́ òsì. Nítorí náà, ìṣùpọ̀ eléruku tí ó wà ní ìpẹ̀kun ayé lè mọ́lẹ̀ fún irú ẹ̀rọ yìí tó èyí tí ó sún mọ́ wa dáadáa.

Èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù nínú márùn-ún náà ni wọ́n sọ ní HDF 850.1. Nígbà tí wọ́n wá a nínú àwòrán Hubble, wọn kò rí i. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní aládùúgbò kan tí ó hàn nítòsí ni, àwọn kan ní rárá. Ojú SCUBA kò mú; ó lè sọ àdúgbò, kò lè sọ ojúlé. Ọdún 14 ni wọ́n fi wá a. Ní ọdún 2012 ni Fabian Walter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àkójọ awò tí ó wà lórí òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé mọ bí ó ti jìnnà tó. Àmì gáàsì kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́ksáìdì ni ó tú u fó, gáàsì kan náà tí ń ti ara jẹnẹrétọ̀ jáde tí ó sì ń pa ènìyàn nínú ilé títì. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n rí náà gbéra ní nǹkan bí bílíọ̀nù 12.5 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ayé òun ọ̀run kò tíì ju bílíọ̀nù 1.1 ọdún lọ. Lọ́dọọdún, ìràwọ̀ tí ìwọ̀n wọn tó oòrùn 850 ni ó ń bí níbẹ̀. Nínú ìṣùpọ̀ tiwa, ó ṣòro kí ó tó oòrùn méjì lọ́dún. Ilé ọlọ́mọ yọyọ bẹ́ẹ̀, Hubble fi ọjọ́ mẹ́wàá wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì rí i.

Ní ọdún 2014, Madau yìí kan náà, pẹ̀lú Mark Dickinson, tún ìṣirò gbogbo ayé ṣe, wọ́n ka ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì ka ooru mọ́ ọn. Ó wù wá púpọ̀ pé ẹni tí ó wà nídìí ìlà àkọ́kọ́ ni ó padà wá tún un fà. Ohun tí wọ́n rí nìyí: ìbí ìràwọ̀ ń pọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, ó dé òtéńté rẹ̀ ní nǹkan bí bílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn, ó sì ti ń dín kù láti ìgbà náà, tí ó fi jẹ́ pé ti òní kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìgbà yẹn lọ. Ní àkókò òtéńté náà, èyí tí eruku bò pọ̀ ju èyí tí ó hàn lọ dáadáa. Oòrùn tiwa, tí kò tíì ju bílíọ̀nù 4.6 ọdún lọ, ẹ̀yìn àríyá ni ó dé.

Ìwé náà kò tíì sé. Ní ilẹ̀ Chile, àkójọ awò 66 tí à ń pè ní ALMA, tí a ṣí ní ọdún 2013 lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó ga tó 5,000 mítà, lè sọ àdúgbò, ó sì lè sọ ojúlé. Òun ni Tao Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní ọdún 2019 tí wọ́n fi kéde ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńláńlá 39 tí Hubble kò rí rárá. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, MeerKAT tí a ṣí ní ọdún 2018 ní Gúúsù Áfíríkà ní awò 64 tí ń gba ìgbì rédíò, eruku kò sì lè dí ìgbì rédíò lọ́wọ́. A rò pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tí ń ka físíìsì ní yunifásítì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Awò James Webb, tí ó gbéra ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2021, náà ti dé ẹnu ọ̀nà HDF 850.1. Ní ọdún 2023, àwọn tí ń lò ó ròyìn pé àwọn rí díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó yọ́ jáde níbẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ ìṣùpọ̀ mìíràn ló yí i ká. Iye tí eruku ṣì bò ní bílíọ̀nù ọdún àkọ́kọ́ ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí báyìí.

Nígbà tí a lọ kí Bàbá nílé láti sọ fún un pé òun ni ó jàre, ó tún bi wá bóyá ìbí náà ṣì ń lọ níbi tí ojú òun lè dé. Ó ń lọ, Bàbá. Bí ọyẹ́ bá fún wa láyè lálẹ́ yìí, ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò ní ìlà kan lókè wa gan-an. Lábẹ́ wọn ni ohun kan wà tí ó dàbí èéfín funfun, ìkùukùu Orion ni; nǹkan bí 1,300 ọdún ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìràwọ̀ tuntun ń bí níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí tí ó hàn náà ni eruku wà, àárín eruku yẹn ni Eric Becklin àti Gerry Neugebauer sì ti rí ọ̀kan tí kò sí ẹni tí ó tíì fojú rí i, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 1967. Ooru ni wọ́n fi rí i. Awò kékeré méjì ni a gbé wá, a ti tò wọ́n sí ìta gbọ̀ngàn. Àwọn àgbà ni yóò kọ́kọ́ wò ó, kí àwọn ọmọdé jọ̀wọ́ má ti ara wọn.