Ọmọ Wa Fẹ́ Ṣe Apòògùn: Kí La Ó Bi Ara Wa Kí A Tó Dáhùn?

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)

  

Wọ́n ní kí àwa akọ̀wé yín sọ̀rọ̀ ṣókí. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń ta aṣọ kì í lè sọ̀rọ̀ ṣókí, ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé lọ́dún tó kọjá, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó mẹ́ta ló wá síwájú ìgbìmọ̀ wa tó jẹ́ pé ohun kan náà ni wọ́n kọ síbẹ̀: owó ilé-ìwé ọmọ, ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ apòògùn òyìnbó. A pe àwọn ìyá náà kí wọ́n wá ṣàlàyé. A bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé, "Ta ló fẹ́ ẹ, ṣé ẹ̀yin ni àbí ọmọ?" Ẹni àkọ́kọ́ dáhùn kíá. Ẹnì kejì rẹ́rìn-ín. Ẹnì kẹta dákẹ́, ó ń wolẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ni a gbé délé, òun náà la sì gbé wá síbí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì ìkóríta ni apòògùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Kẹ́míìsì gba láíséǹsì láti máa ta àwọn oògùn kéékèèké bíi paracetamol. Òfin ò fún un láyè láti ta àwọn oògùn tó gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ dókítà wá, kò sì fún un láyè láti máa gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Apòògùn ní tirẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ó mọ ohun tó wà nínú oògùn, ó mọ iye tó tọ́ sí ọmọ kékeré gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara rẹ̀, ó mọ oògùn méjì tí kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ikùn ènìyàn kan. Bí dókítà bá kọ iye tó pọ̀ jù sínú ìwé, apòògùn ló yẹ kó rí i, kó sì pe dókítà náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún èyí wò." Ibi tí oògùn ti ń kúrò lọ́wọ́ òyìnbó bọ́ sẹ́nu aláìsàn, òun ni aṣọ́nà ibẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé à ń bá ẹlòmíràn wí, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa. Lọ́dún 1998, ibà mú ọmọ wa ọkùnrin. Ọjà ń tà lọ́jọ́ náà, a ò fẹ́ fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan ń kiri oògùn lórí àtẹ, a pè é, ó sì bá wa po oògùn oríṣi mẹ́ta sínú ọ̀rá kan. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, a sì fún ọmọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ń sùn, a jí i, kò jí dáadáa. Ẹsẹ̀ òfìfo la fi sáré dé ilé ìwòsàn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, Ọlọ́run sì dá a sí. Obìnrin kan tó jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn ló gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ wa, tó ń fi ìka yà wọ́n sọ́tọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ohun tí ó rò pé wọ́n jẹ́. Kò jágbe mọ́ wa. Ó kàn ní, "Ìyá, oògùn tí kò lórúkọ, ẹ má fún ọmọ mọ́." Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ gbọ́ pé apòògùn ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọmọ tiwa, a gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin yẹn, obìnrin ni, Dókítà la ti ń pè é láti kékeré. Lọ́dún 2012 ó ṣe JAMB, máàkì rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń wá fún iṣẹ́ dókítà, yunifásítì sì fún un ní iṣẹ́ apòògùn. Ẹ̀yin ará, a ṣọ̀fọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé bí ẹni pé èèyàn kú. Àwa àti bàbá wọn ń sọ pé kó dúró kó tún JAMB ṣe. Ọmọ náà ló ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ ń pè mí ní dókítà o. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: ta ló fẹ́ ẹ? Bí ó bá jẹ́ ìyá nìkan ló fẹ́ ẹ, ọmọ ló máa jókòó ti ìwé náà fún ọdún mẹ́fà.

Ìbéèrè kejì: ṣé orí ọmọ gba sáyẹ́ǹsì? Ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, kẹ́mísírì, báyọ́lọ́jì àti físíìsì. Kẹ́mísírì yìí ni òpó ilé. Ọmọ tó bá ń sá fún kẹ́mísírì ní girama, tó jẹ́ pé lẹ́sìnnì lẹ fi ń tì í lẹ́yìn, ẹ má tì í wọ yunifásítì lọ ka kẹ́mísírì. Ẹ tún rí i dájú pé Ìgbìmọ̀ Apòògùn ti Nàìjíríà, ìyẹn PCN, fọwọ́ sí ilé-ìwé náà. PCN máa ń sọ iye ọmọ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà. Bí ilé-ìwé bá gbà ju iye yẹn lọ, àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù lè ka ìwé tán kí wọ́n máa wo àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń búra. Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ilé-ìwé tí a ò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ẹ béèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ìbéèrè kẹta: ọdún mélòó? Nígbà tí ọmọ tiwa kà á, ọdún márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì ti bọ́ sí èyí tí wọ́n ń pè ní Pharm.D, ọdún mẹ́fà sì nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ọdún kan lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tàbí ilé-iṣẹ́ oògùn, wọ́n ń san owó oṣù fún ìyẹn, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kì í yá rí. Lẹ́yìn náà, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀. Ẹ kà á: ọdún mẹ́jọ. Ẹ ò tíì ka ìyanṣẹ́lódì o. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ ni yunifásítì fi wà ní títì. Ọmọ tó bá wọlé ní ọmọ ọdún 18, bó bá yá, ó ti di ọmọ ọdún 26 kó tó dá dúró. Ìyá tó ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀yáwó ọdún kan ò lè gbé ìrìn ọdún mẹ́jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pa mọ́ láti ìgbà tí ọmọ bá ti wà ní JSS. Láti ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti gbé ẹ̀yáwó NELFUND kalẹ̀ fún àwọn tó wà nílé-ìwé ìjọba. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán ni ìdápadà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tijú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gba fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ìbéèrè kẹrin: bó bá parí, níbo ló ń lọ? A máa ń rò pé kó ṣí sọ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀. Rárá. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n wà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní yunifásítì, wọ́n wà ní NAFDAC. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili tó darí NAFDAC láti ọdún 2001 títí di 2008, apòògùn ni, olùkọ́ ni ní Nsukka tẹ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kú lọ́dún 1988 nítorí ayédèrú insulin. Nígbà tí obìnrin náà gbógun ti àwọn oníṣẹ́ ibi yìí, wọ́n yìnbọn sí mọ́tò rẹ̀ lọ́dún 2003, ọta ìbọn gba inú gèlè orí rẹ̀ kọjá, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó dolóògbé ní 2014, ṣùgbọ́n títí dòní, bí a bá fẹ́ ra oògùn, a ṣì ń wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀.

Èyí ló mú wa dé ìbéèrè karùn-ún, òun ló sì ṣòro jù: ṣé ọmọ náà lè kọ owó? Ṣé àwa ìyá rẹ̀ lè jẹ́ kó kọ̀ ọ́?

Lọ́dún 2021, ọmọ wa ti gba láíséǹsì, ó ń wá iṣẹ́. Ọkùnrin kan wá bá wa ní ìsọ̀, ó kí wa dáadáa, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Màmá, ìwé ẹ̀rí ọmọ yín nìkan la fẹ́. A ó gbé e kọ́ sára ògiri sọ́ọ̀bù wa. Kò ní láti máa wá rárá. Oṣooṣù lowó á máa wọlé." Àwọn apòògùn ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní "register and go." A ò mọ̀ nígbà náà. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́rùn wa, ó ku oṣù mẹ́fà. A ò ní purọ́ fún yín: a ti ná owó náà tán lọ́kàn kí ọkùnrin náà tó dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí a sọ fún ọmọ, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Màámi, bí wọ́n bá ta oògùn tó pa ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀, orúkọ ta ni wọ́n máa bá lára ògiri?" Inú bí wa. A ní gbogbo aṣọ tí a tà fi rán an nílé-ìwé, ṣé èrè rẹ̀ nìyí? Ọjọ́ méjì la ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, à ń tò aṣọ sórí igbá, àbúrò rẹ̀ tó ti di géńdé wá bá wa gbé ẹrù. A wo ojú rẹ̀, a sì rántí ọ̀rá tí kò lórúkọ. A padà sílé, a bẹ ọmọ wa. Ẹ̀yáwó náà, ẹ̀yin náà mọ̀, a san án tán, ó kàn pẹ́ ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Lọ́dún 1990, kẹ́míkà olóró wọ inú omi paracetamol àwọn ọmọdé, ó pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ní 2008, irú kẹ́míkà yẹn náà tún wọ inú omi oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín. Ọmọ tó lé ní 80 ló kú. Àwọn ìyá wọn ra oògùn ni, wọn ò ra májèlé. Ibi tí aṣọ́nà bá ti sùn ni irú èyí ti ń wọlé. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ sọ fún un pé láíséǹsì rẹ̀ kì í ṣe ìsọ̀ tí wọ́n ń fi yáni. Lọ́dọọdún ló ń sọ ọ́ dọ̀tun, orúkọ rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ti ìyá kẹta ṣe parí. Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá bá wa, ó ní kẹ́mísírì ò yé òun, ìṣirò owó lòún fẹ́ràn, pé òun ló ń bá màmá òun kọ ìwé ọjà. Ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ kan létí títì tí ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé fi sílẹ̀, fámásí ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀. A jókòó ti àwọn méjèèjì. Ìyá náà sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba fọ́ọ̀mù padà, ó fa igi lé ohun tó kọ́kọ́ kọ, ó sì kọ iṣẹ́ ìṣirò owó síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ àwọn méjì yòókù ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn lọ, kẹ́mísírì ń dùn mọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́yìn, bí ọkàn yín bá fà sí i, ẹ lọ, ẹgbẹ́ yìí wà lẹ́yìn yín. Bí kò bá fà sí i, ẹ sọ fún ìyá yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá ti jẹun tán. Ẹ̀yin ìyá, bí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ gbọ́.

Ọjà á tà o. Àwọn ọmọ wa ò ní sọnù. A ò ní fi owó ọjà ra oògùn àìsàn.