Ọjọ́ Tí A Jagun Láàrin Ara Wa
Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwa ti ṣe mẹ́wàá. Ìdajì ọ̀nà nìyẹn, orí wa kò sì ní gbàbọ̀dè.

Akọ̀wé ti ka iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ṣe, Akápò ti ka owó. Ohun tí ó kù fún wa láti sọ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí méje nínú wa jókòó sídìí eré ogun láti àárọ̀ di alẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ ọ ní ìgbọ́kúgbọ̀ọ́, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ bí ó ṣe rí.

Ọjọ́ kejì Ojúde Ọba ni, nígbà tí aṣọ ẹgbẹ́ ṣì wà lórí okùn, tí àwọn ará Èkó kò sì tíì padà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń gbé ní London ló gbé eré náà wálé. Diplomacy ni wọ́n ń pè é. Allan Calhamer, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ló gbé e kalẹ̀ ní 1954, ó sì fi owó ara rẹ̀ ṣe 500 jáde ní 1959. Iṣẹ́ pípín lẹ́tà ni ọkùnrin náà padà fi ń jẹun, eré rẹ̀ sì ti kárí ayé.

Àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ní 1901 ló wà lórí pátákó rẹ̀. Ẹni méje ló ń ta á: Ìlú Ọba, Faransé, Jámánì, Ítálì, Rọ́ṣíà, Tọ́kì, àti Austria-Hungary, tí a gé kúrú sí Austria. Ibùdó 34 ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba 18 ló borí. Kò sí dáìsì bíi ti lúdò. Agbára ọmọ ogun kan kò ju ti èkejì lọ, nítorí náà o kò lè dá nìkan ti aládùúgbò rẹ kúrò níbi tó dúró sí, àfi kí ẹlòmíràn tì ọ́ lẹ́yìn. Kí a tó ṣí ogun nípò, a ó fi ìṣẹ́jú 15 sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á kọ àṣẹ tirẹ̀ sínú ìwé, a ó sì ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí o fi ẹnu sọ kò dè ọ́. Ohun tí o kọ ni ogun rẹ máa ṣe.

Ẹni tó mọ ayò ọlọ́pọ́n lè rò pé òun ti mọ eré ogun. Ọmọ ayò 48, ihò 12, gbogbo rẹ̀ wà ní gbangba. Ọ̀ta lè na òpè títí ilẹ̀ á fi ṣú láìparọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan. Níbi eré yìí, ẹ̀yìn ilé ni ogun ti ń jà: lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, àti nídìí jẹnẹrétọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ.

A ṣẹ́ gègé. Austria bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta irin. Ibi burúkú ni, àárín gbùngbùn ló wà. Ẹni tó bá mọ ìtàn ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, bí Ìbàdàn ṣe ń bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, tí Ìlọrin wà lápá kan, tí àwa Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sì ti ọ̀nà etí òkun mọ́ ọn, ti mọ bí Austria ṣe rí. Ó fẹ́ gbé ọkọ̀ ogun rẹ̀ kúrò ní Trieste lọ sí Albania kí ó lè gba Greece, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣófo. Tíṣà wa ló di Ítálì mú. Ó ní kí ó máa lọ, kò sí ewu. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ máa ń bọ̀ ara wa tí a fi ń parí ìpàdé.

Nígbà tí a ka ìwé ìdajì kejì ọdún 1901, ohun tí Ítálì kọ ni pé kí ogun Venice wọ Trieste. Gbogbo wa hó yèè. Oníirin kò rẹ́rìn-ín.

Ìyókù ogun Austria kò gùn. Kí 1904 tó parí lórí pátákó, ó ti tán. Ó dìde, ó lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ tirẹ̀, ó sì jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Jámánì àti Rọ́ṣíà náà tẹ̀ lé e nígbà tó yá.

Ohun tó wù wá láti sọ jù ṣẹlẹ̀ ní 1905. Tọ́kì ń kó ọkọ̀ ogun bọ̀ lójú òkun, tíṣà rí i, ó sáré bá Faransé nídìí jẹnẹrétọ̀. Ó ní bí àwọn kò bá pawọ́ pọ̀ lójú ẹsẹ̀, Tọ́kì máa gba gbogbo ìsàlẹ̀ pátákó. Òótọ́ pọ́nbélé ni. Faransé wò ó títí, ó ní, “Ṣé bí o ṣe sọ fún Austria náà nìyẹn?” Ó sì fi í sílẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní báńkì mọ ojú tí tíṣà fi padà wọlé. Ojú oníbàárà tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ni, tí gbèsè àtijọ́ kan ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ní ọdún 1907 orí pátákó, Tọ́kì ní 13, Faransé 11, Ìlú Ọba 7, Ítálì 3. Kò sẹ́ni tó dé 18. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà láti pín in.

Ṣùgbọ́n tíṣà yìí kan náà ni onídùúró oníirin lórí ẹ̀yáwó alájẹsẹ́kù ẹgbẹ́. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, oníirin kò wá. Lẹ́tà ló fi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ pààrọ̀ onídùúró. Àwọn kan ní eré lásán ni, ẹni tí kò bá lè fara dà á kí ó má ta á mọ́. A kò gbà pẹ̀lú wọn. A rán ènìyàn sí i, ó wá, ó ní, “Kì í ṣe Trieste ló dùn mí. Mo mọ̀ pé irọ́ wà nínú eré náà. Ọwọ́ ẹgbẹ́ ló bọ̀ mí.”

Tíṣà ní kò sí ohun tí òfin eré kà léèwọ̀ nínú ohun tí òun ṣe, òótọ́ ló sì sọ. Bí àgbà bá ní ẹni tó dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, a kò mulẹ̀ lórí Trieste. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ti wà kí pátákó tó dé láti London, kò sí nínú ohun tí wọ́n kó sínú páálí rẹ̀. A fi wákàtí méjì jiyàn. Níkẹyìn, a fi òfin kan kún òfin eré: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ẹgbẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ tàbí orúkọ òbí rẹ̀ ṣe ìlérí nídìí eré. Ẹni tó bá ṣe é á dìde lórí àga, á sì ra páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Tíṣà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn ìdérí páálí náà.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníirin. Ohun tí wọ́n jọ sọ, a kò bi wọ́n. Orúkọ onídùúró kò yí padà, ẹ̀yáwó náà sì ti wọlé tán, Akápò lè jẹ́rìí.

A ó tún ta á lọ́jọ́ kejì Ojúde Ọba tó ń bọ̀. Àga méje ló wà, márùn-ún ti lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé. Oníirin wà nínú àwọn márùn-ún náà, ó sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí gègé bá tún fún òun ní Austria, òun ń lọ sílé.