Kí Ọmọ Wa Tó Tẹ̀ka Sí Ìwé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

 A kò ní í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń lọ síṣẹ́ alẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni a fẹ́ sọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń jáde nílé-ìwé, tí a sì ń mú wọn wá sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ tàbí sí gáréèjì. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n sì mọ fóònù tẹ̀ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé pésílíìpù lé púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́, iye tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nìkan ni wọn yóò wò. Ohun tó wà láàrin kò kàn wọ́n. Àárín yẹn gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ wọn jẹ.

Ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tàbí télọ̀, ìṣojú rẹ̀ ni ọ̀gá ti ń dá iye lé iṣẹ́, ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ná ọjà, òun náà ni wọ́n sì ń rán sí alájọ. Kí ó tó gba fírídọ̀ọ̀mù, ó ti mọ bí owó ti ń wọlé àti bó ti ń jáde. Iléeṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ kì í dé yàrá tí wọ́n ti ń ṣírò owó rẹ̀. Nítorí náà, àwa tí a ti pẹ́ níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà já lé léjìká.

Ẹ jẹ́ kí a mú owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 sọ pé, ní iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15, kí wọ́n yọ náírà 8 nínú 100 lára owó òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fi náírà 10 nínú 100 tirẹ̀ lé e, kí gbogbo rẹ̀ sì wọ àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ náà láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá sanwó oṣù. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀, ti ilé àti ti ọkọ̀ bá jẹ́ 80,000 náírà lápapọ̀, 6,400 ni wọn yóò yọ. Agbanisíṣẹ́ yóò fi 8,000 sí i. Ó di 14,400 lóṣooṣù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa ní ọ́fíìsì ẹ̀ka. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gbà á fún iléeṣẹ́, owó tí a wí yìí gan-an ló sì ń gbà. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù 24, wọ́n sì ń yọ 6,400 lóṣooṣù. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, tó wá iṣẹ́ mìíràn fún oṣù mẹ́rin tí kò rí, ẹnìkan sọ fún un pé òfin gba ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún láyè láti gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó yẹ kí 345,600 náírà wà níbẹ̀, kí ó sì rí 86,400 gbà nínú rẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀. Wọn kò tilẹ̀ ṣí àpò kankan fún un rí. A ní kí ó kó pésílíìpù rẹ̀ wá, méje péré ló kù. Ó ti fi àwọn yòókù sọ̀kò. Méje yẹn náà la fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ẹjọ́ náà kò sì tíì parí. Oṣù kìíní tí wọ́n yọ owó náà ló yẹ kí ó ti béèrè nọ́mbà àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ?

Ìwé ìgbàsíṣẹ́ ńkọ́? Òfin Iṣẹ́ sọ pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, iye owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ àti bí wọn yóò ti fún ara wọn ní nótíìsì. Òfin kan náà ni kò gba ọ̀gá láyè láti máa bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ lórí. Ohun tí wọn yóò bá yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ lọ. Bí ó bá sì farapa lẹ́nu iṣẹ́, kí ó fi tó iléeṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ 14, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2010 ti wí. Àwọn ọmọ wa máa ń fi aṣọ di ọgbẹ́, wọn a dákẹ́, nítorí ẹ̀rù kí wọ́n má baà lé wọn.

Ẹ̀yin ará gáréèjì, tiyín náà dé. Háyà pọ́ṣéèsì ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń gba kẹ̀kẹ́ báyìí. Ká ní 3,000,000 náírà ni kẹ̀kẹ́ lówó ọwọ́, tí wọ́n ní kí ọmọ máa san 45,000 lọ́sẹ̀ fún ọdún méjì. Etí gbọ́ 45,000, ó dùn. Ẹ wá sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ 104: ó di 4,680,000. A kò ní kí ó má gbà á o. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kò rí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé 1,680,000 ni ó fi ra sùúrù olówó. Kí ó sì béèrè ta ni yóò tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àti bí ó bá ṣàìsàn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé wọn yóò gba ọkọ̀ náà padà pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti san?

Ti àwọn tó ń ṣèlérí èlé gọbọi, kí ni a tún fẹ́ sọ? MMM ní 30 nínú 100 lóṣù, ó sì há owó àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. CBEX ní owó yóò di ìlọ́po méjì láàrin ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ n'Ìbàdàn. Àgbàlagbà wà nínú wọn, kí a má di gbogbo rẹ̀ ru ọ̀dọ́. Ẹni tó ń dá 500 lójúmọ́ fún alájọ, ní oṣù ọlọ́jọ́ 30, yóò gba 14,500 lẹ́yìn tí alájọ bá yọ ti ọjọ́ kan. Kò bí èlé, ṣùgbọ́n ó mọ ilé alájọ.

Títètè dé ibi iṣẹ́, wíwọ bàtà tó yẹ, kíkí ọ̀gá, ẹ ti ń kọ́ wọn nílé, a kò ní í tún un sọ.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ́fíìsì ẹ̀ka yóò máa ṣí fún àwọn ọmọ náà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Kí ẹni tó ní pésílíìpù mú un dání, bí ó tilẹ̀ ti ya. Kí ẹni tó fẹ́ gba ọkọ̀ mú ìwé àdéhùn wá kí ó tó tẹ̀ka sí i. Akọ̀wé yóò wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́fà, àwọn tó bá wà níṣẹ́ ọ̀sán sì lè fi tiwọn rán ẹlòmíràn.